Orúkọ Tí Ìyàwó Mi Fún Àbúrò Mi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rẹ ohùn fóònù yẹn sílẹ̀ díẹ̀. N kò ní kí ẹ pa á o. Ta ni mo jẹ́ tí n óò fi ní kí wọ́n pa orin Eyínfúnjowó ní Ìfọ̀nyìn yìí, tí àwọn akọ̀wé ń kọ ní Ifangni, nígbà tí kò sí ilé tí wọn kì í ti í gbọ́ ọ láti Daagbé títí dé Lagbé? Ẹ kàn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ ohùn tèmi náà. Jìtá tó ń dún yẹn, àbúrò mi Sùlé ló ń ta á. Ìyá kan náà ló bí wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ wáyé, èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá bi ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi pé ta ni bàbá àgbà yín, ẹ máa ń dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n Eyínfúnjowó." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ẹ má sẹ́.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ẹ wo àyà mi, ṣé ẹ rí ẹran kankan níbẹ̀?

Orin ti rọrùn jù fún yín. Ẹ tẹ fóònù, orin dé. Ẹ tún un tẹ̀, ó lọ. Nígbà tí Sùlé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sí iná mànàmáná ní ìlú yìí. Gúrúpù kan ṣoṣo tó wà, ẹ̀rọ amúnáwá bàbá kan tó ń lọ gàrí ni, òun ni wọ́n máa ń bẹ̀ kó yá wọn tí ọlọ bá ti sinmi. Èmi ni mo máa ń gbé e lórí. Àpótí tí ohùn ń gbà jáde, pákó ìrókò ni káfíńtà fi kàn án, ó ní òun fẹ́ kó pẹ́. Ó pẹ́ lóòótọ́, ọrùn mi sì mọ̀ ọ́n. Bí okùn jìtá bá já, ó di Kútọnu kí wọ́n tó rí òmíràn rà, nítorí náà wọ́n á tú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́, wọ́n á yọ fọ́nrán kan nínú rẹ̀, wọ́n á fi dè é. Kẹ̀kẹ́ ta ni? Kẹ̀kẹ́ mi ni. Mo ti gun kẹ̀kẹ́ aláìní bíréèkì láti oko bọ̀ wálé, tí mo ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ dá a dúró, tí mo já gìdìgbà sínú oko ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn, nítorí kí Sùlé lè ta jìtá níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ko-Koumolou. Àwọn tó jó lọ́jọ́ náà kò mọ̀ pé bíréèkì mi ni wọ́n ń jó sí.

Akọpẹ ni mí nígbà tí mo lágbára. Ẹ̀yin kò mọ igbà mọ́, okùn ńlá tí a fi ń gba ara wa mọ́ ọ̀pẹ tí a ó fi gun òkè. Ọ̀pẹ tí ẹ ní báyìí kúrú, èèyàn lè dúró nílẹ̀ kó bẹ́ ẹyìn rẹ̀ bí ẹni ń já ewé gbúre. Tiwa ga débi pé bí o bá dé orí rẹ̀, ìwọ àti ẹyẹ ẹ̀gà lẹ jọ ń sọ̀rọ̀. Láti òkè yẹn mo máa ń gbọ́ gbogbo ìlú: àwọn obìnrin tó ń tẹ ẹyìn nínú ẹkù, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ po epo tí wọ́n sì ń kọrin sí i, agogo ilé ẹ̀kọ́, àáké ẹni tó ń la igi. Ní ọ̀sán, mo máa ń gbọ́ Sùlé tó ń dán jìtá rẹ̀ wò ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹ̀yìnkùlé yẹn náà ni ìyàwó mi ti ń dáná. Èmi wà lókè pẹ̀lú ẹyẹ ẹ̀gà, òun wà nílẹ̀ pẹ̀lú orin. Ẹ sọ fún mi, kí ni kò ní jẹ́ kí n jowú?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí orúkọ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ìyàwó ìsinsìnyí kò bìkítà mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé ọkọ ni wọ́n ti ń pe àbúrò ọkọ ní orúkọ àbísọ rẹ̀, bí ẹni ń pe ewúrẹ́. Ní ayé tiwa, ìyàwó kò gbọdọ̀ fi orúkọ tí òbí sọ ọmọ pe ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sínú ilé kó tó dé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ó ní láti wo onítọ̀hún dáadáa, kó sì fún un ní orúkọ tirẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìyàwó ní tirẹ̀, èèyàn ló ń wò. Bí o bá lẹ́wà, yóò rí i. Bí o bá jẹ́ ọ̀lẹ, yóò rí i, yóò sì fi ọgbọ́n sọ ọ́ fún ọ lójú gbogbo ayé.

Ìyá àgbà yín, Ìyá Ràfíù, ìhà Ìpókíá lódìkejì ààlà ni wọ́n ti mú un wá fún mi. Wọ́n da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àbúrò mi obìnrin tó dúdú, ó ní Adúmáadán. Èyí tó fẹ́ràn oge ṣíṣe, ó ní Ìdíìlẹ̀kẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan wà tí kò ju kó jẹun kó sùn lọ, ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ kú ìsinmi o, Olówó-ń-sinmi." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, orúkọ yẹn ni wọ́n sì fi sin ọkùnrin náà. Ìgbà tó kan Sùlé, ìyàwó mi kò tí ì sọ nǹkan kan tí Sùlé fi rẹ́rìn-ín sí i. Eyín rẹ̀ hàn, ó funfun, ó tò lẹ́sẹẹsẹ bí owó ẹyọ ayé àtijọ́. Ìyàwó mi ní, "Háà. Eyínfúnjowó."

Èmi fẹ̀yìn ti ògiri, mo ń retí tèmi.

Mo mọ̀ pé àṣà kò ní kí ìyàwó fún ọkọ lórúkọ. Olówó orí mi ló máa ń pè é títí ọmọ yóò fi dé, lẹ́yìn náà á máa fi orúkọ ọmọ pè é. Ṣùgbọ́n olówó orí mi, gbogbo obìnrin ayé ló ń pe ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bí àkọ́bí wa, mo di Bàbá Ràfíù. Ẹni tó ń ta kpáyò, epo mọ́tò fàyàwọ́, nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà náà ń pè mí ní Bàbá Ràfíù. Ṣé ẹ wá rí ọgbẹ́ mi? Obìnrin yìí wo gbogbo wọn nílé wa, ó rí nǹkan lára kálukú wọn, títí kan ọ̀lẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ mọ̀ kí n tó kú: ṣé kò rí nǹkan kan lára tèmi tó yẹ kó sọ lórúkọ ni? N kò bi í. Ọkùnrin wo ló máa ń bi ìyàwó rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Àwọn ọmọ oníjìtá náà kò tí ì ní orúkọ ẹgbẹ́ nígbà yẹn. Wọ́n wá pè wọ́n sí òkú àgbà kan ní ìhà Ìpókíá. Sùlé àti àwọn yòókù gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà oko lọ ṣáájú. Wọ́n kó ẹrù wọn, gúrúpù àti àpótí ohùn, sínú báṣé kan, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn. Ìyàwó mi bá ọkọ̀ náà lọ nítorí ó fẹ́ lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Ìgòlò, lẹ́nu ààlà, aṣọ́bodè dá wọn dúró. Ẹ ti gbọ́ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó débẹ̀.

Aṣọ́bodè ní, "Ta ló ni ẹrù yìí?"

Ìyàwó mi ní, "Àbúrò ọkọ mi ni."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Eyínfúnjowó ni."

"Madáàmù, n kò béèrè ìnagijẹ. Orúkọ tó wà nínú kátì ìdánimọ̀ rẹ̀ ni mo ń béèrè."

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ìyẹn kì í ṣe fún ẹnu mi."

Ọmọ ibòmíràn ni aṣọ́bodè yẹn, kò mọ àṣà wa. Ó rò pé ìyàwó mi ń fi nǹkan pamọ́ fún òun. Awakọ̀ báṣé, ará Àjàṣẹ́ ni, kò mọ Sùlé rí. Ni wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù. Èrò ọjà pé lé wọn lórí. Àwọn kan ń bẹ ìyàwó mi pé kó ṣáà pè é lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó máa sọ nílé. Ó ní rárá. Ìyá arúgbó kan tó ń ta ẹ̀kọ wá sọ fún aṣọ́bodè náà pé, "Ọ̀gá, ẹ má da ara yín láàmú. Bí ẹ bá tì í mọ́lé di àmọ́dún, kò ní pè é. Ìyàwó ilé gidi lẹ mú yìí."

Wọ́n rán oníkẹ̀kẹ́ kan wá sí oko wá mi. Orí ọ̀pẹ ni mo wà. Mo sọ̀ kalẹ̀, n kò gbọn ìdọ̀tí ọ̀pẹ kúrò lórí, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgòlò nínú oòrùn. Mo dé ibẹ̀ tí òógùn bò mí, mo dárúkọ àbúrò mi, mo dárúkọ bàbá wa, mo fi ara mi dúró fún wọn, wọ́n sì fi ẹrù sílẹ̀. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá Ràfíù." Báṣé bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà ti ṣáájú ọkọ̀. Kí ẹrù tó dé ibi òkú, àwọn èèyàn ti ń pariwo pé, "Ẹgbẹ́ Eyínfúnjowó ti dé! Àwọn tí ìyàwó ilé wọn kò pe orúkọ wọn fún ìjọba!" Láti ọjọ́ yẹn, ẹgbẹ́ náà kò ní orúkọ mìíràn mọ́. Wọ́n máa ń sọ ìtàn yìí lórí rédíò. Wọ́n á sọ nípa obìnrin náà, wọ́n á sọ nípa aṣọ́bodè, wọ́n tilẹ̀ máa ń sọ nípa ìyá ẹlẹ́kọ. Tó bá wá kan ibi tí mo wà, wọ́n á ní, "Lẹ́yìn náà, ẹnì kan wá láti ilé." Ẹnì kan! Èmi tí mo sọ̀ kalẹ̀ látorí ọ̀pẹ, èmi ni mo di ẹnì kan.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Sùlé ní aṣọ, èmi ní àkísà. Wọ́n pè wọ́n sí Àjàṣẹ́, wọ́n pè wọ́n sí Kútọnu, wọ́n gbé díìsìkì jáde. Wọ́n ya àwòrán Sùlé sára páálí díìsìkì náà, eyín nìkan lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ìyàwó mi gba ọ̀kan, ó fi kọ́ ara ògiri yàrá wa. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: yàrá wa. Bí mo bá la ojú ní òwúrọ̀, eyín Sùlé ni mo ń bá pàdé. Mo ní kó gbé e lọ sí pálọ̀, ó ní oòrùn máa ṣá a. Bí Sùlé bá ti ìrìn àjò dé, tí ìyàwó mi bá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìdí ààrò, á pariwo pé, "Eyínfúnjowó mi, ọkọ mi, ẹ káàbọ̀ o!" Àṣà ló ní kó máa pe ẹni tó bá nílé ní ọkọ. Mo mọ̀ pé àṣà ni. Síbẹ̀, èmi náà ń ti oko dé lójoojúmọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ oníjìtá mìíràn wà nígbà náà. Ti Daagbé tú ká nítorí wọn kò lè fẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa kọrin ṣáájú. Òmíràn di ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń retí kí ti Sùlé náà tú, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Kò tú. Onílù wọn kú, ọmọ rẹ̀ jókòó sídìí ìlù. Ẹni tó ń ta jìtá olóhùn ńlá kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ó wá ń fi ẹ̀yìn ti àpótí ohùn kó lè mọ ibi tí orin dé. Kásẹ́ẹ̀tì dé, ó lọ, wọ́n wà níbẹ̀. Orin tí kò sẹ́ni tó ń lu ìlù nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń lu ara rẹ̀, dé, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ràfíù tí ìyá rẹ̀ ń pọ̀n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti ní ọmọ tó lọ́mọ. Ìgbà ò lọ bí òréré. Eyín Sùlé gan-an ti yọ tán lẹ́nu, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó lọ sí Kútọnu, wọ́n ṣe eyín àtọwọ́dá fún un, ó funfun ju èyí tí Ọlọ́run fún un lọ.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà ṣe ọdún wọn ní pápá ilé ẹ̀kọ́, ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn yìí. Gbogbo yín wà níbẹ̀, ẹ ń gbé fóònù sókè. Wọ́n fi mí jókòó níwájú lórí àga oníke, ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Sùlé ta jìtá títí, n kò ní parọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dùn. Ìgbà tó ṣe, ó dá orin dúró, ó ní kí wọ́n mú ìyàwó wa gun orí pèpéle wá. Ìyá àgbà yín ń tijú, wọ́n fà á lọ́wọ́ gòkè. Sùlé gbé mikró sí i lẹ́nu.

"Ìyàwó wa, ẹ sọ fún wọn. Ta ló sọ mí lórúkọ?"

"Èmi náà ni, Eyínfúnjowó."

Pápá hó yè. Ibẹ̀ ló yẹ kó dákẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ Sùlé, àwàdà kì í tó o. Ó rẹ́rìn-ín sí mi láti òkè, ó ní, "Bọ̀n, ó dáa. Ó ku ẹyọ kan. Gbogbo ilé lẹ sọ lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó síbẹ̀ yẹn ńkọ́? Kí lẹ̀ ń pè wọ́n?"

Gbogbo èèyàn yíjú sí mi. Ohun tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ tí mo ti gbé obìnrin yìí níyàwó, ó dé bá mi lójú gbogbo Ìfọ̀nyìn. Mo mọ̀ pé Bàbá Ràfíù ló máa sọ, wọn á sì rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún gbé e sórí rédíò. Mo wo ilẹ̀. Ìyá àgbà yín gba mikró lọ́wọ́ Sùlé fúnra rẹ̀, ó wò mí, ó wá ní, "Tiwọn kì í ṣe ti mikró." Ó dá a padà fún un, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí àwọn obìnrin ṣe pariwo. Ẹ̀yin wo wọn, èmi wo Sùlé. Ẹnu rẹ̀ ṣì ṣí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti kúrò níbẹ̀. Mo mọ ohun tí mo rí lójú rẹ̀, nítorí mo ti gbé e lójú tèmi pẹ́. Owú ni. Ara mi yá gágá, mo tún àga mi ṣe, mo sì jókòó dáadáa.

Ṣùgbọ́n kí ni orúkọ náà? Èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n. A ń rìn bọ̀ nílé, oòrùn ti rọlẹ̀. Mo mú sùúrù títí a fi kọjá ọjà.

"Ìyá Ràfíù."

"Ẹ̀n."

"Orúkọ wo lo fún mi tí kì í ṣe ti mikró?"

"Ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n?"

"Níbo ni n óò ti mọ̀ ọ́n? O kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Ràfíù, àwọn ará ilé yín, dandan ni mo fi sọ wọ́n lórúkọ. Bí mo fẹ́ràn wọn, bí n kò fẹ́ràn wọn, mo ní láti pè wọ́n ní nǹkan. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ní kí n fún yín lórúkọ?"

"Kò sẹ́ni kankan."

"Ẹ ṣeun. Èmi ni mo fún ara mi láyè. Ẹ̀yìn yín ni mo ti máa ń pè é. Bí a bá wà nínú ẹkù, tí a gbọ́ tí ìdì ẹyìn já látòkè, gbì, tí àwọn obìnrin ní, 'Ta nìyẹn?', orúkọ yẹn ni mo fi ń dá wọn lóhùn."

Mo dúró. Mo ní, "Ìyẹn ni pé gbogbo obìnrin ẹkù ló mọ̀ ọ́n, èmi tí mo ni ín ni n kò mọ̀ ọ́n?"

"Púpọ̀ nínú wọn ti kú. Ìyá Bísí nìkan ló kù, ó wà ní Lagbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jowú Ìyá Bísí lójú ọ̀nà níbẹ̀, ìyá arúgbó tí kò rí iwájú mọ́. Mo ní, "Sọ ọ́ fún mi." Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Zémíjàn kan, alùpùpù akérò, kọjá, ó jẹ́ kí ariwo rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó fi ẹnu kan etí mi, arúgbó bí i tiwa, lójú títì, ó sì sọ ọ́.

Ẹ má sún mọ́ mi bẹ́ẹ̀, n kò ní sọ ọ́. Ẹ máa bá mi fọwọ́ ra ẹsẹ̀ títí di ọ̀la, n kò ní sọ ọ́. Mo ti jowú eyín, mo ti jowú díìsìkì, mo ti jowú àwòrán ara ògiri, kò sí èyí tó jẹ́ tèmi nínú wọn. Èyí jẹ́ tèmi. Bọ̀sẹ́, ìwọ ni Sùlé pè lórí fóònù láàárọ̀, mo gbọ́ ọ. Ó ní kí o fọgbọ́n bi ìyá àgbà, àbí ó ní kí o fọgbọ́n bi mí? Ó ní òun fẹ́ fi ṣe orin tuntun, ó ní á dùn, ó ní gbogbo ayé á mọ̀ mí. Pè é padà. Kí i fún mi dáadáa, àbúrò mi ni. Sọ fún un pé ó ti ní orúkọ tirẹ̀.